Àgbọ̀nrín Tó Gbẹ́ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Nítorí Omi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó tètè lọ sùn, àlọ́ tòní kì í ṣe ti olóorun. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wàlà láti òkè, ó bọ́ gbì sílẹ̀. Kò bọ́ lé ọba, kò bọ́ lé ìjòyè. Ó bọ́ lé Àgbọ̀nrín lórí, òun àti Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ta sí Pẹ́pẹ́yẹ lára. Ó ta sí Àkókó tó ń gbẹ́ igi, ó ta sí Ìyá Erin. Ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún yín.

Nígbà náà, ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín kò rí bó ṣe rí lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ bí àwo. Bó bá ń rìn, ẹ ò ní gbọ́. Bó bá kọjá lórí ẹrẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. Ẹsẹ̀ tó dára ni. Òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ó dára.

Àgbọ̀nrín ti bímọ rí, ọmọ náà kú. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà kú. Òùngbẹ ló pa wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwẹ̀ró nìkan ló kù. Bí Àwẹ̀ró bá wúkọ́, ìyá rẹ̀ á dìde. Bí Àwẹ̀ró bá sùn pẹ́, ìyá rẹ̀ á fi imú kàn án, á ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ọmọ á ní, "Mo wà níbẹ̀, Ìyá mi."

Ìgbà yẹn ni ìyá tó lè mí.

Ẹ óò bi mí pé, kí ló dé tí òùngbẹ fi ń pa ọmọ nínú ìlú tó ní omi? Adágún omi kan ṣoṣo ni ìlú àwọn ẹranko ní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á kéré, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ọmọ Olórí Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ mu. Lẹ́yìn náà, ọmọ àwọn ẹni ńlá. Kó tó kan ọmọ ẹni tí kò jámọ́ nǹkan, ẹrẹ̀ ló kù nílẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni ọmọ Àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ ń lá kó tó kú. Ẹrẹ̀ yẹn náà ni èkejì ń lá.

Ta ni Olórí Ìyá? Ìyá tó bá wúwo jù láàárín ìlú ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ gbọ́ àṣà wọn. Wọn á po amọ̀, wọn á rẹ́ ilẹ̀ tuntun síwájú ààfin, wọn á fọwọ́ pa á títí á fi dán. Kó tó gbẹ, àwọn ìyá á wá tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkété, ìránṣẹ́ ọba, á mú ẹyọ ọwọ̀ kan tí wọ́n fi ń gbálẹ̀, á kì í bọ ojú ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jìn jù, wọ́n ní òun ló wúwo jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹ ilẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹsẹ̀ òun yọ̀ lọ́jọ́ náà; ojú ẹsẹ̀ tó bá jìn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kà.

Ẹ ń mi orí. Ẹ rò pé wọ́n gbọ́n. Wọn ò gbọ́n o. Bí àwọn baba wọn ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan.

Ó wá di ọdún kan, Ìyá Ẹfọ̀n tó jẹ́ Olórí Ìyá kú. Wọ́n sin ín. Wọ́n po amọ̀.

Ìyá Erin kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Òkété ki ọwọ̀ bọ̀ ọ́, ọwọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀. Ìlú hó yèè! Pẹ́pẹ́yẹ tẹ ilẹ̀. Òkété wá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ títí, kò rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Pẹ́pẹ́yẹ náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó wá kan Àgbọ̀nrín. Ó kó gbogbo ara rẹ̀ jọ, ó tẹ̀ ẹ́.

Òkété bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni? A rò pé ewé ló jábọ́ láti orí igi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀. Àgbọ̀nrín fi ọmọ rẹ̀ síwájú, ó ń lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi kan, Àwẹ̀ró ní, "Ìyá mi, ṣé a máa rí omi mu lẹ́ẹ̀rùn yìí?"

Kí ni ìyá máa sọ? Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

Ó bá gba ọ̀dọ̀ Àkókó lọ.

Ó bá Àkókó lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gbẹ́ igi ìrókò, kó, kó, kó. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọ̀ọ́. Ìyá Àwẹ̀ró, kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ agbẹ́gi?"

"Mo fẹ́ wúwo ni."

"Lọ jẹun."

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ jẹun tí mo máa ju Erin lọ?"

Àkókó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn náà tọ́.

Àgbọ̀nrín ní, "Ẹ wo ara yín, Bàbá. Ẹ ò tóbi. Ẹ ò wúwo. Síbẹ̀ ìrókò ń gbà fún yín. Kí lẹ fi ṣe é?"

Àkókó dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ bá yín sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi í.

Ó ní, "Ẹnu ṣóńṣó ni. Jẹ́ n bi ọ́. Ṣé abẹ́rẹ́ wúwo?"

"Kò wúwo."

"Ṣé ó ń wọ aṣọ?"

"Ó ń wọ̀ ọ́."

"Ọmọ odó ńkọ́? Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo."

"Gbé e ka orí aṣọ láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ṣé á wọ̀ ọ́?"

"Kò ní wọ̀ ọ́."

"Ó tán. Ẹrù kan náà, bó bá bọ́ sórí ibi tó fẹ̀, á tàn ká, kò ní ni ibì kankan lára. Bó bá bọ́ sójú kan ṣoṣo, á gún un wọlé. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi ń ká òṣùká kó tó ru igi. Òṣùká ò sọ igi di fífúyẹ́. Ibi tí orí ti gba ẹrù ló fẹ̀ sí i."

Àgbọ̀nrín wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní, "Ẹ bá mi gbẹ́ wọn kí wọ́n kéré."

"O ò ní tìtorí ẹ̀ wúwo sí i o. Bó o ṣe wúwo lónìí lo máa wúwo lọ́la. Ilẹ̀ nìkan ló máa mọ ìyàtọ̀."

"Ilẹ̀ náà ni wọ́n ń bi, Bàbá."

Àkókó mú ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín, ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kó, kó, kó. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Àgbọ̀nrín ki koríko bọ ẹnu, ó géyín mọ́ ọn, kò ké.

Wọ́n po amọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Pẹ́pẹ́yẹ kò tilẹ̀ wá. Ìyá Erin tẹ ilẹ̀, ọwọ̀ wọlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Àgbọ̀nrín tẹ ilẹ̀, ọwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Erin dọ́gba. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àgbọ̀nrín padà sọ́dọ̀ Àkókó. Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Àkókó tún gbẹ́ ẹ, kó, kó, kó, títí ẹsẹ̀ fi tín-ín-rín, tó rí ṣóńṣó nísàlẹ̀, tó le bí òkúta.

Wọ́n po amọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Erin tẹ̀ ẹ́. Àgbọ̀nrín tẹ̀ ẹ́. Òkété ki ọwọ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín, ọwọ̀ lọ, ó lọ, ó lọ, a ò rí orí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Wọ́n fi Àgbọ̀nrín jẹ Olórí Ìyá. Ó jó káàkiri ìlú. Orin tó ń kọ rèé. Rìnrìn ni kẹ́ ẹ máa gbè, kẹ́ ẹ sì gbè é kó dún:

Mo tẹlẹ̀, ilẹ̀ gbà o,
Rìnrìn.
Erin tẹlẹ̀, ilẹ̀ kọ̀,
Rìnrìn.
Pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́sẹ̀ abẹ̀bẹ̀,
Rìnrìn.
O tẹlẹ̀, ilẹ̀ ò mọ̀,
Rìnrìn.
Ta ló wúwo nílùú?
Rìnrìn.
Ìyá Àwẹ̀ró ló wúwo,
Rìnrìn.

Àwẹ̀ró ń jó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Òun náà mọ orin náà dáadáa. Ẹ rántí pé ó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n oyè kì í wá lásán. Òkété sọ fún Àgbọ̀nrín pé, "Olórí Ìyá, lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́kọ́ mu omi, a máa ki ọwọ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà létí omi. Bí kò bá jìn, ìlú á ní oògùn lẹ fi gba oyè."

Àgbọ̀nrín mú Àwẹ̀ró, ó gba ọ̀dọ̀ Àkókó lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Àkókó ní, "Ti ìwọ, mo gbà. Àgbà ni ọ́. Èyí kò tíì mọ ohun tó ń gé."

Àgbọ̀nrín kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti sin méjì. Àwọn méjèèjì ló fẹsẹ̀ fífẹ̀ lọ sọ́run. Ẹ má jẹ́ n sin ẹ̀kẹta."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bínú sí i, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹni tí òùngbẹ ò tíì pa ọmọ rẹ̀ rí, kó rọra bínú.

Àkókó mú ẹsẹ̀ ọmọ. Ó kan ẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kó, ọmọ fi igbe ta. Ó ní, "Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi ò ṣe yín ní nǹkan kan!"

"Nítorí omi ni. Ṣé o fẹ́ mu omi?"

"Mo fẹ́."

"Dákẹ́ nígbà náà. Ó máa tán."

Ó tán lóòótọ́. Ìyá fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, ó gbé e pọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó ń kọ́ ọ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, gbọ́. Ọmọ Olórí Ìyá kì í fi àyà kanlẹ̀ lójú ìlú. Ẹni tó bá fi àyà kanlẹ̀ ti sọ pé òun kò wúwo nìyẹn. Ohunkóhun tó bá dé, dúró ṣánṣán. Bí o kò bá mọ ohun tó o máa ṣe, ojú mi ni kó o wò."

"Mo gbọ́, Ìyá mi."

Lẹ́ẹ̀rùn ọdún náà, Òkété ki ọwọ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró létí omi, ó jìn, Àwẹ̀ró ló sì kọ́kọ́ mu omi. Omi mọ́ gaara. Ó mu ún títí ikùn rẹ̀ fi yọ. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, omi ń dà lójú tirẹ̀ náà. Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ kan yẹn dùn.

Ọdún kejì ni ọ̀dá dé.

Òjò kọ̀. Ewé gbẹ. Adágún bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn, ó sún, ó sún, ó ku díẹ̀ láàárín gbùngbùn. Gbogbo ibi tí omi ti kúrò di ẹrẹ̀. Òòrùn pa òkè ẹrẹ̀ náà, ó gbẹ, ó sán. Abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ mọ bí ẹ̀kọ ṣe máa ń dì lójú bó bá tutù, tí abẹ́ á ṣì jẹ́ omi? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ń lọ mu omi, wọ́n ń bọ̀, ilẹ̀ ò dún pín-ín. Wọn ò ka Pẹ́pẹ́yẹ mọ́ àwọn tó ń tò. Àwọn tó kù dúró sétí. Wọn ò lè lọ, nítorí ọmọ Olórí Ìyá ni kò tíì mu.

Àgbọ̀nrín mú Àwẹ̀ró wá sétí ẹrẹ̀. Ètè ọmọ ti bó. Ahọ́n rẹ̀ ti gùn jáde.

Ìyá Erin ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹrẹ̀ náà wò. Ó rí i pé ó mì, ó gbé e kúrò kíá. Ó ní, "Olórí Ìyá, má tíì rán ọmọ lọ. Jẹ́ ká ṣẹ́ ẹ̀ka igi, ká tẹ́ ẹ títí dé ibi omi, kí ọmọ gba orí rẹ̀. Ẹ̀ka á bá a pín ara rẹ̀ ká."

Àgbọ̀nrín ní, "Ìgbà wo lẹ máa tẹ́ ẹ dé ibẹ̀?"

"Ó lè di ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ wo ojú ọmọ yìí. Ṣé ó máa di ìrọ̀lẹ́?"

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Kò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi á lọ bu omi wá fún un lẹ́nu mi. Màá lọ, màá bọ̀, títí òùngbẹ á fi pòórá."

Omi wà níbẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi wà níbẹ̀, ẹlẹ́nu tó máa gbé e sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú dúró, Òkété di ẹyọ ọwọ̀ mú, gbogbo ojú wà lára Àgbọ̀nrín.

Ó ní, "Ṣé ọmọ Olórí Ìyá ni yóò mu itọ́ Pẹ́pẹ́yẹ lójú ìlú? Ilẹ̀ tó gba Pẹ́pẹ́yẹ àti agbo ọmọ rẹ̀, kí ni kò ní gba ọmọ mi kékeré sí? Àwẹ̀ró, máa lọ."

Ó ti gbàgbé abẹ́rẹ́. Ó ti gbàgbé ọmọ odó. Nígbà tí ó wù ú kí ilẹ̀ gbà, ó mọ ìdí tó fi ń gbà. Nígbà tí kò wù ú mọ́, kò rántí.

Àwẹ̀ró lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ, kí, kí, kí. Ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó tún lọ. Ibi tó dé yìí, bó bá na ọrùn, ó ń gbóòórùn omi. Ìgbà náà ni òkè ẹrẹ̀ já. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọlẹ̀. Ti ẹ̀yìn méjèèjì tẹ̀ lé wọn.

Pẹ́pẹ́yẹ pariwo, "Àwẹ̀ró, dùbúlẹ̀! Fi àyà lélẹ̀! Na ara rẹ gbalaja, ẹrẹ̀ á gbà ọ́!"

Àwẹ̀ró gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni Pẹ́pẹ́yẹ? Òun kọ́ ni ẹlẹ́sẹ̀ abẹ̀bẹ̀ inú orin? Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wo ìlú, ó ní, "Dúró ṣánṣán! Fa ẹsẹ̀ rẹ yọ!"

Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀ kan. Bó ṣe fà á, gbogbo ara rẹ̀ bọ́ sórí mẹ́ta tó kù, mẹ́ta náà tún wọlẹ̀ sí i. Ó fa òmíràn. Ó tún wọlẹ̀ sí i. Ó ń kọrin sí ìyá rẹ̀. Ẹ gbè é, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo níbí:

Ìyá mi, mo dúró o,
Rìnrìn.
Bẹ́ ẹ ṣe ní n dúró,
Rìnrìn.
Ilẹ̀ mu mí dé orúnkún,
Rìnrìn.
Ẹ wá mú mi o, Ìyá mi,
Rìnrìn.

Pẹ́pẹ́yẹ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbà á, kò rì. Ó fi ẹnu mú ọmọ létí, ó fà á, agbára rẹ̀ kò gbé e. Ó tún pariwo lẹ́ẹ̀kejì, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dùbúlẹ̀!" Ọmọ wo ojú ìyá.

Ìyá ní, "Dúró! Má dojú tì mí! Wọ́n ń lọ ṣẹ́ igi bọ̀!"

Lóòótọ́, Ìyá Erin ti ń ya igi lulẹ̀, ó ń wọ́ ọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a máa tẹ́ igi dé jìnnà.

Pẹ́pẹ́yẹ pariwo lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá ló yí ojú sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹnu rẹ nìkan ló ń gbọ́! Sọ fún un!"

Àgbọ̀nrín ya ẹnu. Ó wo Òkété pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá rí i pé ẹrẹ̀ ti dé ikùn.

Ó ké, "Àwẹ̀ró! Dùbúlẹ̀! Dùbúlẹ̀, ọmọ mi!"

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó gbìyànjú láti dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrẹ̀ ti gbé mì títí dé ikùn, kí ni yóò fi dùbúlẹ̀? Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kàn sísàlẹ̀ bí èèkàn. Kò sí àyà mọ́ tó máa fi lélẹ̀.

Àgbọ̀nrín bẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, ó wọlẹ̀. Ó fà á yọ, ó tún wọlẹ̀. Ó wá ṣubú lulẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi àyà kanlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó fi ikùn kanlẹ̀, ó fi àgbọ̀n kanlẹ̀. Ẹrẹ̀ gbà á. Ẹ gbọ́ mi, ẹrẹ̀ gbà á. Kò rì mọ́. Àgbàlagbà tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ ń fà lórí ẹrẹ̀ bí alángbá, ẹrẹ̀ sì ń gbé e. Gbogbo bó ṣe ń fà, ó ń sunkún, nítorí ara rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un. Òótọ́ náà ni pé ká ní ọmọ ti dùbúlẹ̀ nígbà tí Pẹ́pẹ́yẹ wí, ì bá yè.

Ó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró. Orí nìkan ló kù lókè, etí méjì àti imú. Ìyá fi imú kan imú ọmọ.

Ó ní, "Ṣé o wà níbẹ̀?"

Ọmọ ní, "Mo wà níbẹ̀, Ìyá mi. Ṣé mo dúró dáadáa?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níbí, ẹ má bi mí pé kí ni ìyá fi dá a lóhùn. Ẹrẹ̀ ti dé imú ọmọ kí ìyá tó ríhùn sọ.

Ìyá Erin tẹ́ igi dé ibẹ̀ nígbà tó yá. Ó na ọwọ́jà rẹ̀, ó fa Àgbọ̀nrín jáde. Àgbọ̀nrín bá a jà. Ó ní kó fi òun sílẹ̀ níbẹ̀. Erin kò fi í sílẹ̀, bóyá ì bá sàn kó fi í sílẹ̀, mi ò mọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sọ pé, "Ṣebí mo wí." Ó kó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́.

Òjò rọ̀ láìpẹ́ sígbà náà. Omi kún adágún, ó bo ibi tí Àwẹ̀ró wà, gbogbo ọmọ ìlú mu ún yó.

Ṣé ìlú jáwọ́ nínú àṣà yẹn? Wọn ò jáwọ́. Àgbọ̀nrín kọ oyè sílẹ̀, wọ́n ní oyè kì í ṣófo. Wọ́n po amọ̀, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ síwájú ààfin, Òkété wá ẹyọ ọwọ̀ mìíràn.

Àgbọ̀nrín lọ bá Àkókó. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi dá a padà." Àkókó wo ẹsẹ̀ náà. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, gígé ni mo mọ̀." Àgbọ̀nrín wọ inú igbó lọ, kò padà sáàárín ìlú mọ́ títí dòní.

Nígbà tó yá, ó tún bímọ. Ọmọ náà bá ẹsẹ̀ ṣóńṣó wáyé. Bó ṣe ń gbọ̀n rìrì láti dìde fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ fi imú tì í lulẹ̀. Ó ní, "Dùbúlẹ̀." Kò kọ́ ọ ní rírìn ná. Kò kọ́ ọ ní jíjẹ ná. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí ọmọ Àgbọ̀nrín nínú igbó, ẹ óò bá a níbi tó fi àyà lélẹ̀ pẹlẹbẹ nínú koríko, tí kò mira. Ewé á jábọ́ lé e, kò ní mira. Ọdẹ á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní dìde. Ìyá rẹ̀ á dúró lókèèrè, á máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, kí, kí, kí. Àwọn ọdẹ ní ó ń kìlọ̀ fún ọmọ pé ewu dé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń bi léèrè bóyá ó lè gbé ọmọ. Ilẹ̀ kì í sì í dáhùn.

Ọmọ á ní, "Ìyá mi, ṣé kí n dìde?"

Ìyá á ní, "Má tíì dìde."

Ibí ni àlọ́ mi rìn dé tó fi jókòó. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi wúwo lẹ́nu mi láti òní lọ. Ṣé ó wúwo?

Kò wúwo!